Bàbá Adákẹ́ẹ̀gìlu

Ẹ má bi mí irú èèyàn tí Bàbá Àgbà jẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n ni mo ti ń rò ó, bí mo bá ní mo ti dì í mú níbí, á tún yọ lọ́hùn-ún. Èmi Síkírá aránṣọ, tí gbogbo agbo ilé wa ní Ìwó mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi, èmi náà ni wọ́n ní kí n dìde sọ̀rọ̀ nípa Bàbá níbi fidáù wọn, ọ̀rọ̀ wá tán lẹ́nu mi pátápátá. Ṣé kí n sọ pé ahun ni wọ́n ni, àbí kí n sọ pé aláàánú ni wọ́n? Bí mo bá sọ ọ̀kan, èkejì á máa wò mí lójú.

Bàbá tó bí bàbá wa ni wọ́n. Bàbá tiwa tètè kú, ọwọ́ Bàbá Àgbà ni èmi àti Kàmọ́rù àbúrò mi dàgbà sí, nítorí náà kì í ṣe pé n kò mọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n. Wọn ò kàn yé mi ni.

Ohun tó wá da gbogbo ẹ̀ rú mọ́ mi lójú ni àwọn kẹ́ẹ̀gì tí Kàmọ́rù tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí fidáù kù sí dẹ̀dẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko ni o, èyí tí wọ́n ti lo oògùn inú ẹ̀ tán lóko wa. Kàmọ́rù ti fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn sóòrùn, wọ́n wá ń dán yinrin. Àwòrán agbárí tó máa ń wà lára wọn láti fi kìlọ̀ fún èèyàn, ó ti ha á kúrò. Ibẹ̀ gan-an ló lẹ sítíkà ojú Bàbá mọ́: Bàbá nínú fìlà funfun, tí wọ́n fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Sùn re o, Bàbá rere."

"Kàmọ́rù, kí nìyí?"

"Ẹ̀bùn ìrántí ni, Àǹtí mi. Abọ́ oníke ni ti àwọn ará ìlú. Ti àwọn lébìrà nìyí, àwọn Kòjó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn ò rí kẹ́ẹ̀gì gbà lọ́wọ́ Bàbá rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i gbà báyìí, kí wọ́n máa fi pọnmi, kí wọ́n máa ṣàdúrà fún Bàbá."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, n kò wá ṣe ọ̀kankan. Bí nǹkan kan bá wà tí Bàbá Àgbà kórìíra láyé yìí, kẹ́ẹ̀gì oògùn tó wà ní odindi ni.

Ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oko wa wà lọ́nà Kuta, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la ń gbìn síbẹ̀. Bí àsìkò òjò bá dé, àwọn ará Tógò tó gba yàrá sí Ilé-Ogbó ló máa ń wá bá wa ṣe lébìrà, Kòjó sì ni olórí wọn. Àwọn ló ń gbé tánkì ìfínko kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fín oògùn sí koríko. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá fín oògùn, Bàbá kì í kúrò lóko títí wọ́n á fi dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Bàbá ní irin gígùn kan tó ní èèkù igi. Wọ́n á ki í bọ iná títí á fi pọ́n, wọ́n á wá kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo jọ, wọ́n á sì máa dá wọn lu: wọ́n á lu ikùn, wọ́n á lu ìdí, wọ́n á lu ọrùn. Èéfín ike á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ti lu ọ̀kan tán, wọ́n á fi ẹsẹ̀ yí i dànù, wọ́n á ní, "Ìyẹn ti parí."

Ẹ̀yin náà mọ bí kẹ́ẹ̀gì ṣe níyì tó nílẹ̀ yìí. Epo pupa la ó rọ sí i ni, omi la ó pọn sí i ni, àgbo la ó rẹ sí i ni. Ta ló ń sọ kẹ́ẹ̀gì nù? Ìyá Múrí ẹlẹ́po, tó ń gbé agbo ilé wa, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Bàbá lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní ẹyọ kan. Bàbá wò ó, wọ́n fa irin yọ nínú iná, wọ́n lu kẹ́ẹ̀gì náà lójú ẹ̀. Ìyá Múrí dìde, ó gbọn ìró ẹ̀, ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ẹ dì wọ́n mọ́ra, ẹ gbé wọn lọ sọ́run!" Òun ló sọ wọ́n ní Bàbá Adákẹ́ẹ̀gìlu, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára ju èyí tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ lọ.

Mo bá Bàbá sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ pé ó ní nǹkan tí ẹ rí, ẹ sọ fún wọn. Ẹ ṣáà ṣàlàyé." Bàbá bojú wò mí, wọ́n fi oríkì mi pè mí bí wọ́n ti máa ń ṣe bí inú bá ń bí wọn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, aṣọ ni wọ́n kọ́ ọ láti rán, wọn ò ní kí o rán ẹnu àgbà."

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà rèé. Ìléyá ọdún kan ń bọ̀, a ní kí Bàbá ra aṣọ, wọ́n kọ̀. Àfi bí mo ṣe rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kàkí tuntun ló kún apá wọn. Wọ́n ní kí n rán ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò sí i, kí ọrùn ẹ̀ bo èèyàn dé etí, kí n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ rán ìbòmú kún un. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín. "Àwọn ará Tógò."

Háà! Inú mi dùn dé ibi pé mo ń pariwo ẹ̀ kiri. Mo ní ẹ wá wo bàbá tí ẹ ń pè ní ahun. Àwọn lébìrà wọ aṣọ náà lọ́jọ́ kìíní, Kòjó ń yan bíi ṣọ́jà, ó ń fi ọwọ́ gbá àyà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Bàbá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ahéré, wọ́n ní, "Ẹ bọ́ ọ." Kòjó rò pé àwàdà ni. Ó ti pinnu pé aṣọ yẹn lòun máa wọ̀ gba inú ọjà Ilé-Ogbó kọjá. Ó fẹ́ yẹ̀ wọ́n sílẹ̀, Bàbá di ọrùn ẹ̀wù náà mú. "Aṣọ oko ni. Kò gbọdọ̀ délé." Àkísà tí wọ́n wọ̀ wá náà ni wọ́n wọ̀ lọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti kárí Ilé-Ogbó pé bàbá kan wà ní Ìwó tó ń wọṣọ fún èèyàn láàárọ̀, tó ń bọ́ ọ lọ́rùn wọn nírọ̀lẹ́. Ojú tì mí débi pé mo pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Bẹ́ẹ̀, ta ló ń fọ aṣọ náà? Bàbá fúnra wọn ni. Alàájì, ẹni tó ti dé Mẹ́kà, á ká apá ẹ̀wù sókè, á gbé báàfù omi lọ sẹ́yìn ahéré níbi tó jìnnà sódò, á máa bó aṣọ lébìrà. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bàbá kan náà yìí ló máa ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ lásán rìn láàárín koríko tí oògùn ṣì tutù lára ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Kàkí tiyín dà?" Wọ́n ní, "Tèmi ti kọjá ibẹ̀." Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ bá mi wá a.

Oúnjẹ tún wá ńkọ́? Bí ọ̀sán bá pọ́n, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ sóko. Bàbá á dúró ti dúrọ́ọ̀mù omi pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, olúkúlùkù á na ọwọ́ ẹ̀ kí Bàbá wò ó, bí tíṣà ṣe ń wo èékánná ọmọ iléèwé. Àgbàlagbà ni àwọn èèyàn wọ̀nyí o, àwọn mìíràn ti lọ́mọ tó ń lọ́kọ. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Tógò kò mọ òfin yìí. Ebi ń pa á, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀bà. Bàbá gba abọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ gbà mí! Oúnjẹ ni mo ń wí yìí, ẹ̀bà tí èmi Síkírá fọwọ́ ara mi tẹ̀. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ó sọ̀rọ̀ lédè wọn, Kòjó wá túmọ̀ ẹ̀ pé, "Bàbá, ó ní torí pé àlejò ni wá lẹ ṣe ń rí wa bí ẹlẹ́gbin." Mo ń retí kí Bàbá sọ nǹkan kan tó máa tu ọkàn ẹ̀ lára. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó lọ fọwọ́." Nígbà tó fọwọ́ tán, abọ́ tiwọn ni Bàbá gbé fún un, àwọn fúnra wọn fi ebi ṣiṣẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Èmi rí èyí. Kòjó kò rí i, àbí ó rí i, kò kà á sí. Oúnjẹ tí wọ́n dànù ni gbogbo wọn ń sọ títí dòní.

N kò fẹ́ fi oyin pa Bàbá lára o. Ohun kan wà tí n kò tíì dárí ẹ̀ jì wọ́n. Lébìrà tó bá wúkọ́ níwájú Bàbá, tàbí tó ń nu ojú ṣáá, Bàbá á ní kó gbé tánkì sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Kò níṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbowó. Kí wá ni àwọn lébìrà ṣe? Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ikọ́ mì. Mo ti bá Kòjó lẹ́yìn ebè ẹ̀gẹ́ rí, ó fi aṣọ di ẹnu, ó ń wúkọ́ bí ẹni tó ń jalè. Inú bí mi. Mo lọ bá Bàbá, mo ní, "Ẹ ò lè máa fi ebi pa wọ́n torí pé ẹ ò fẹ́ kí ikọ́ pa wọ́n. Ẹ fún wọn lówó ọjọ́ tí wọ́n fi sinmi!" Wọ́n ní, "Ebi kì í yára pani." Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìkà ni àbí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti rí nǹkan.

Gbogbo èyí kò tó ti ọjọ́ ẹní. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹbí gbà pé orí Bàbá ti dàrú.

Lọ́dún náà, òjò tètè dé, koríko sì ń gorí àgbàdo. Kàmọ́rù ló ń ṣètò iṣẹ́ nígbà yẹn, ó ti kó àwọn lébìrà dé, wọ́n ti po oògùn, wọ́n ti gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn. Atẹ́gùn wá dìde. Bàbá ní, "Kò sí fífín lónìí. Ẹ wo ewé." Kàmọ́rù ní, "Bàbá, ọjọ́ wo ni ewé kì í mì? Bí a ò bá fín in lónìí, koríko ló máa kórè." Àwọn lébìrà náà fẹ́ ṣiṣẹ́, nítorí ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n bá fín ni wọ́n ń gbowó lé lórí. Kòjó bẹ Bàbá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọmọ wa á jẹun."

Bàbá wọ ahéré lọ, wọ́n gbé ẹní jáde, wọ́n rìn wọ àárín àgbàdo, wọ́n tẹ́ ẹní náà síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, wọ́n jókòó. Wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ. "Ẹ máa fín in. Ẹ fín èmi náà mọ́ ọn."

Ta ni yóò fín oògùn lu àgbàlagbà? Kòjó ló kọ́kọ́ sọ tánkì kalẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì, tìbínú-tìbínú. Àwọn yòókù sọ tiwọn náà kalẹ̀, wọ́n ń bú Bàbá lédè tí a ò gbọ́, àmọ́ èébú kì í ṣòro mọ̀. Kàmọ́rù bú sẹ́kún níṣojú lébìrà. Èmi tí mo gbé oúnjẹ dé bá gbogbo rògbòdìyàn yìí, mo kúnlẹ̀ sínú ebè. Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má dójú tì wá. Àwa ọmọ Ìwó, ọmọ atẹ́ní gbọlá fẹ́ni ẹlẹ́ni, ṣé irú ẹní tí a ó tẹ́ fún àlejò nìyí?" Bàbá kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èyí tí mo ní náà ni mo tẹ́."

Òjò rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀. Koríko gba oko. Àgbàdo tí a rí kó lọ́dún yẹn kò tó nǹkan, Kòjó àti àwọn èèyàn ẹ̀ sì lọ wáṣẹ́ sí oko ibòmíràn. Ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní kí Bàbá sinmi sílé, kí Kàmọ́rù máa bójú tó oko. Bàbá kò bá wọn jà. Wọ́n kàn gbé irin wọn sínú yàrá ẹrù, wọ́n fi àpò bò ó. Eku jẹ kàkí tán lára ògiri ahéré. Nígbà tí Kòjó padà wá bá Kàmọ́rù ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ kó tó jẹun mọ́, atẹ́gùn fẹ́, wọ́n fín, gbogbo èèyàn láyọ̀. Láti ìgbà náà ni kẹ́ẹ̀gì ti ń pọ̀ sí i nílé wa.

Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ń fún wọn ní ògì lọ́sàn-án kan, wọ́n ṣàdédé gbá mi lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà le, n kò mọ̀ pé agbára ṣì kù lára wọn. Ojú mi ni wọ́n ń wò, àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní, "Ọ̀chẹ́, má mu ún. Ọ̀chẹ́, gbé e sílẹ̀." Ògì dà sí mi lára.

Ta ni Ọ̀chẹ́? Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa, orúkọ àwọn ará Àgàtú ni. Mo lọ bá Àáfà Búsàrí, ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré. Àáfà ní bẹ́ẹ̀ ni, Àgàtú kan wà tó bá Bàbá ṣiṣẹ́ nígbà tí oògùn koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Alágbára ni, aláwàdà ni, Bàbá fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí àsìkò iṣẹ́ parí tó fẹ́ lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀, Bàbá fi kẹ́ẹ̀gì oògùn kan tó ti ṣófo ta á lọ́rẹ, wọ́n pọn omi tútù kún un fún ojú ọ̀nà. "Lẹ́yìn náà ńkọ́, Àáfà?" Àáfà gbọn orí. Ó ní, "Ẹnì kan ní ó kú sójú ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní rárá, ó délé, kò kàn fẹ́ padà wá ni. Bàbá yín kò dárúkọ ẹ̀ mọ́, èmi náà ò bi í."

Mo sáré padà sílé. Ara Bàbá balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì mọ̀ mí. Mo ní, "Bàbá, ta ni Ọ̀chẹ́?" Wọ́n ní, "Ìyẹn ti parí."

Ẹ gbọ́ o! Ìyẹn ti parí! Gbogbo ohun tí mo rí gbà lẹ́nu wọn náà nìyẹn kí wọ́n tó lọ. Ó lè jẹ́ pé torí Ọ̀chẹ́ ni wọ́n ṣe ń dá kẹ́ẹ̀gì lu. Ó lè jẹ́ pé ahun ni wọ́n náà ni, tí àìsàn sì ń dá orúkọ àtijọ́ sọ sí wọn lẹ́nu. Bó bá sì jẹ́ torí Ọ̀chẹ́, kí ló dé tí wọn ò lè la ẹnu sọ fún Kòjó pé, "Ọmọ mi, májèlé ni"? Inú ń bí mi sí wọn. Àánú wọn tún ń ṣe mí. Bí mo bá ń rán aṣọ lọ́wọ́, mo máa ń gbàgbé èyí tó yẹ kí n ṣe nínú méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dá Kàmọ́rù dúró nígbà tó to kẹ́ẹ̀gì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó má pín wọn, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti fọ̀ wọ́n. Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ di Adákẹ́ẹ̀gìlu?" Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí mi lọ́wọ́ tí mo lè fi já a níyàn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ fidáù, oòrùn mú ganrínganrín. Àwọn àáfà ti ń jókòó sábẹ́ kánópì, àwọn obìnrin ń se ẹran lẹ́yìn ilé. Mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, oòrùn ti gbóná mọ́ àwọn kẹ́ẹ̀gì náà. N kò mọ ohun tó ti mí, mo ṣí ọmọrí ọ̀kan, mo fi imú sí i. Ọṣẹ kọ́ ni mo gbóòórùn. Oko wa ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín in. Òórùn yẹn náà ló máa ń wà nínú omi tí Bàbá fi fọ kàkí.

Mo wọ yàrá ẹrù, mo fa irin Bàbá yọ lábẹ́ àpò, mo lọ ki í bọ iná ẹran. Àwọn obìnrin ń pariwo pé, "Síkírá, kí lo fẹ́ se?" Nígbà tí irin pọ́n, mo gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ sí ilẹ̀, ojú Bàbá ń wò mí láti ara ẹ̀. Mo dá a lu nídìí, mo dá a lu lọ́rùn. Kàmọ́rù sáré dé, ó káwọ́ lérí. "Àǹtí! Lójú àwọn àáfà? Ẹ̀bùn òkú lẹ ń dá lu yìí!" Mo ní kó lọ kó abọ́ oníke wá fún àwọn lébìrà, kí ẹni tí kò bá rí gbà nínú àwọn ará ìlú máa bínú sí mi.

Ìgbà náà ni Kòjó àti àwọn èèyàn ẹ̀ wọlé, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa jù lọ́wọ́ wọn. Kòjó dúró. Ó wo irin, ó wo kẹ́ẹ̀gì tó ti luhò, ó wo ojú Bàbá lára ẹ̀.

"Àǹtí," ni ó wí, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, "láti ọjọ́ tí mo ti ń bá Bàbá ṣiṣẹ́, wọn ò fún mi ní nǹkan tí mo lè gbé délé rí. Aṣọ, wọ́n gbà á. Kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dá a lu. Kàmọ́rù ní òní ni mo máa rí nǹkan gbà, Bàbá ti kú, ẹ̀yin náà tún ń dá a lu. Kí la ṣe fún yín nílé yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Mo ti fẹ́ gbé irin padà sínú iná kí n má dáhùn. Mo wá rí i pé ohun tí Bàbá máa ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ ṣe yẹn. Mo gbé irin kalẹ̀.

"Kòjó, májèlé ni. Ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́ tán, inú ike ló ń wọ̀ sí. Ẹni tó bá ń bu omi mu nínú ẹ̀, oògùn koríko ló ń mu díẹ̀díẹ̀. Torí ẹ̀ ni Bàbá fi ń dá a lu. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ aṣọ lọ́rùn yín, kí ẹ má baà gbé oògùn náà lọ fún ọmọ tí ẹ máa gbà mọ́ra nílé. Mo rò bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún mi o, àmọ́ mo rò bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé yóò bá mi jiyàn. Àmọ́ ọwọ́ ló fi ń nu ẹnu.

"Ọ̀kan wà nílé," ni ó wí.

"Ọ̀kan kí ni?"

"Kẹ́ẹ̀gì. Kàmọ́rù fún mi lọ́jọ́ tí a fín oògùn kẹ́yìn. Omi mímu ni Àfí ìyàwó mi ń pọn sí i. Inú ti ń run ọmọ wa kékeré láti ọjọ́ mélòó kan, a ní eyín ló ń hù."

N kò mọ bí mo ṣe gba ìró mi le. Mo fi àpò tútù wé irin, ọ̀kadà Kòjó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gun ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn àáfà ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kàmọ́rù ń sáré tẹ̀ lé wa, ó ń pariwo pé, "Àǹtí, ta ló máa wá sọ̀rọ̀ Bàbá?" Eruku ni mo fi dá a lóhùn.

Ní Ilé-Ogbó, Àfí ń se ẹ̀wà tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ẹ̀, orí ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sunkún, kò sì ṣeré. Kẹ́ẹ̀gì wà ní igun yàrá, ó mọ́ tónítóní, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lórí nítorí eṣinṣin. Mo gbé e jáde, mo da omi inú ẹ̀ sílẹ̀, mo ki irin bọ inú ààrò Àfí, mo sì lu kẹ́ẹ̀gì náà nídìí àti lọ́rùn. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé, "Ìyẹn ti parí." Mo gbé e mì, nítorí mo ń wo ọmọ náà, n kò sì mọ̀ bóyá ó ti parí.

Kòjó ní kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Àfí kò mira. Ó wo kẹ́ẹ̀gì ẹ̀, ó wò mí, èmi tí kò rí rí. Ó ní, "Mi ò ní gbé ọmọ mi lọ síbì kankan títí ẹ fi máa sọ fún mi. Kí ni omi mi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ nípa Bàbá níbi fidáù, iwájú Àfí ni mo ti sọ ọ́. Kò gùn. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí Ọ̀chẹ́.